Ìgbín àti Ìkarahun Rẹ̀: Sáfà Tòkunbọ̀ Nínú Àpótí Mìíràn

Ariwo ni sáfà tòkunbọ̀ kọ́kọ́ fi ń kí ẹni tó rà á. Àwọn ẹ̀rọ tí à ń rí ní Computer Village n'Ìkẹjà, irú Dell PowerEdge R720 tàbí HP ProLiant DL380, yàrá tí èèyàn kì í jókòó sí ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n gùn gbọọrọ, fáànù wọn sì ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ máa tọ́jú èsì ìdánwò, ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ máa tọ́jú fídíò ìsìn, ọ́fíìsì oníyàrá méjì, kò sí èyí tó lè gba irú ariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé ká tú inú sáfà jáde, ká kó o sínú àpótí kọ̀ǹpútà onídùúró tí fáànù rẹ̀ tóbi tó sì dákẹ́. A tú u láàárọ̀, ó ń ṣiṣẹ́. A tò ó tán nírọ̀lẹ́, a tẹ bọ́tìnnì, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Tàbí kí fáànù yí fún ìṣẹ́jú àáyá 3 kó dúró. Tàbí kó tan, kó máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kó wá kú lẹ́yìn wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé mọ́dábọ́ọ̀dù ti lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ nínú àpótí kan tó sì kọ̀ jálẹ̀ nínú òmíràn, àárín àpótí méjèèjì ni ẹjọ́ wà, ibẹ̀ ló sì yẹ ká kọ́kọ́ wò ká tó dá mọ́dábọ́ọ̀dù lẹ́bi.

Ohun tó ń ṣi wá lọ́nà ni pé à ń wo àpótí bí aṣọ, ohun tí èèyàn lè bọ́ kó sì wọ òmíràn láìsí pé ara rẹ̀ yí padà. Fún kọ̀ǹpútà ilé, èrò yẹn kò jìnnà sí òtítọ́, nítorí láti ọdún 1995 tí Intel ti gbé ìlànà ATX jáde ni àwọn tó ń ṣe mọ́dábọ́ọ̀dù, páwà páàkì àti àpótí ti ń ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn kan náà. Sáfà ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Àwọn tó ya àwòrán sáfà ya àpótí àti inú rẹ̀ pọ̀ lórí ìwé kan. Àpótí yẹn ló ń darí atẹ́gùn gba orí prósẹ́sọ̀ kọjá. Òun ló ń pín iná láti ara páwà páàkì tí wọ́n ń tì bọ̀ láti ẹ̀yìn. Òun ló gbé pátákó tí àwọn háàdì dísìkì ń wọ̀ mọ́, òun ló gbé bọ́tìnnì àti iná ìkìlọ̀ iwájú, nínú ọ̀pọ̀ wọn òun náà ló gbé ohun tí ń wọn bí yàrá ṣe gbóná tó. Tí a bá yọ mọ́dábọ́ọ̀dù kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ wọ̀nyí kì í bá a jáde. Àpótí tuntun ò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí ìwọ̀n wà. Òótọ́ ni, ìwọ̀n wà, ó sì ti ran ọjà kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ púpọ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù ATX jẹ́ mìlímítà 305 sí 244. Èyí tí wọ́n ń pè ní SSI EEB, tí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù oníprósẹ́sọ̀ méjì ń tẹ̀ lé, jẹ́ 305 sí 330. Àpótí tí wọ́n kọ E-ATX sí lára sábà máa ń gba 305 sí 330 náà, ẹni tó ń rà á á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àmọ́ ihò síkúrù E-ATX àti ti EEB kò bára mu tán. Ìwọ̀n á sọ ibi tí ihò wà àti bí pátákó ṣe fẹ̀ tó. Kò ní sọ bí atẹ́gùn yóò ṣe rìn lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sọ ohun tí ẹ̀rọ ń retí láti gbọ́ lọ́dọ̀ àpótí rẹ̀. Àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù kan wà tó rọrùn láti kó kiri, irú X9DRi-F ti Supermicro, nítorí wọ́n ní ẹnu iná oníhò 24 tí gbogbo ayé mọ̀. Ti R720 kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ rárá: fọ́ltì 12 nìkan ni páwà páàkì rẹ̀ ń fún un, mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ìyókù. Ó tilẹ̀ ní àkókò kan, ní ìparí àwọn ọdún 1990, tí àwọn kọ̀ǹpútà Dell kan ń lo ẹnu iná tó dà bíi ti ATX gẹ́lẹ́ lójú, tó wọ ihò rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n tí wáyà inú rẹ̀ tò lọ́nà mìíràn. Ẹni tó bá fi páwà páàkì ọjà sí i ń fi mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ wewu. Ohun tí ojú rí pé ó bára mu lè máà bára mu nínú.

Inú irin ni ẹjọ́ tó pọ̀ jù wà, nítorí náà n ó dúró díẹ̀ níbẹ̀. Nínú àpótí kọ̀ǹpútà, àwọn òpó idẹ kéékèèké ni mọ́dábọ́ọ̀dù ń jókòó lé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà kan irin. Òpó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ihò síkúrù kan. Tí ẹni tó lo àpótí náà ṣáájú bá fi òpó kan sílẹ̀ níbi tí mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun kò ti ní ihò, orí òpó yẹn yóò kan lẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn pátákó, iná yóò ṣọ́ọ̀tì, páwà páàkì yóò sì pa ara rẹ̀ kí nǹkan má baà jóná. Ìdí nìyẹn tí fáànù fi ń yí lẹ́ẹ̀kan tó sì ń dúró. A máa ń sọ pé páwà páàkì kò lágbára, nígbà tó jẹ́ pé ó ń ṣe ohun tó yẹ kó ṣe gan-an. Bákan náà ni irin pẹlẹbẹ tó ń bo ẹnu àwọn ihò ẹ̀yìn: ó ní àwọn ahọ́n tínínrín tí ọ̀kan nínú wọn máa ń wọnú ihò USB tàbí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a kò ní rí i. Wáyà USB iwájú tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lè mú kí àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù kan kọ ọ́ sí ojú mọ́nítọ̀ pé iná USB ti pọ̀ jù, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15. Bọ́tìnnì ríséètì àpótí àtijọ́ kan tó há sínú lè máa tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láìdákẹ́. Àwọn abẹ́rẹ́ tí wáyà bọ́tìnnì iwájú ń wọ̀ sí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù Supermicro, tí wọ́n kọ JF1 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì tò bí ti kọ̀ǹpútà ilé. Ẹni tó bá fi àbá lásán so ó pọ̀ lè máa tẹ bọ́tìnnì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí iná àṣẹ má dé ibi tó ń lọ.

Ìdánwò kan wà tó ń yanjú gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan, kò sì ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Ká yọ mọ́dábọ́ọ̀dù jáde pátápátá, ká gbé e sórí pákó gbígbẹ tàbí páálí. Ká má gbé e sórí ọ̀rá aláwọ̀ fàdákà tí wọ́n fi ń dì í, nítorí iná lè gba ara ọ̀rá yẹn kọjá. Ká fi prósẹ́sọ̀ kan ṣoṣo sí i, RAM kan ṣoṣo nínú ihò tí ìwé rẹ̀ sọ pé ká kọ́kọ́ lò, irin tí ń fa ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀, fáànù kan tó kọjú sí i, àti mọ́nítọ̀ lórí ihò VGA tirẹ̀. Kò sí dísìkì, kò sí káàdì, kò sí wáyà iwájú. Ká wá fi ẹnu síkúdíráfà kan abẹ́rẹ́ méjì tó jẹ́ ti bọ́tìnnì. Tí ó bá tan, a ti mọ̀ pé mọ́dábọ́ọ̀dù, prósẹ́sọ̀ àti páwà páàkì mọ́ lọ́wọ́, inú àpótí tàbí nínú ohun tí a so mọ́ ọn ni àléébù wà. Tí kò bá tan, àpótí ti bọ́ nínú ẹjọ́ náà. Kò sí ìdánwò mìíràn tó pín ọ̀rọ̀ sí méjì tó mọ́ báyìí, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe kẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ra RAM tuntun, nítorí pé ó ń mú kéèyàn tú iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ẹ tú u.

Ọ̀rọ̀ iná kò gba àlàyé púpọ̀, àmọ́ ó gba mítà. Mọ́dábọ́ọ̀dù oníprósẹ́sọ̀ méjì sábà máa ń fẹ́ ẹnu wáyà oníhò 24 kan àti oníhò 8 méjì, ọ̀kan fún prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ páwà páàkì olówó pọ́ọ́kú ò ní ju oníhò 8 kan lọ fún prósẹ́sọ̀, ni ẹlòmíràn á bá fipá ki oníhò 8 ti káàdì àwòrán bọ ibẹ̀; bí wáyà fọ́ltì 12 àti wáyà ilẹ̀ ṣe tò nínú méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣíṣọ́ọ̀tì ló sì máa ń yọrí sí. Wáyà tó ṣeé yọ lára páwà páàkì kan kò ṣeé kì bọ òmíràn bó tilẹ̀ wọ ibẹ̀, nítorí kò sí ìlànà tó so apá yẹn pọ̀. Ní ti mítà, wáyà aláwọ̀ àlùkò gbọ́dọ̀ ní fọ́ltì 5 kódà kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Wáyà aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ sí òdo nígbà tí ẹ̀rọ bá gba àṣẹ láti tan. Wáyà aláwọ̀ eérú á gòkè dé 5 tí páwà páàkì bá ti fọwọ́ sí i pé gbogbo rẹ̀ dára. Èyí tó jẹ́ 12 gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 àti 12.6. Kí a má sì kánjú: inú sáfà ni kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní BMC, òun ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ, iná àlùkò yẹn ló sì ń lò. Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ki wáyà bọ ògiri, ó lè gbà á tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tó múra tán láti dáhùn bọ́tìnnì, àwọn tí kò mọ̀ á sì ti ní ẹ̀rọ ti kú. Ní ilé tó ń lo ínfátà olówó kékeré, páwà páàkì ìgbàlódé lè kọ iná rẹ̀ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ìyẹn kò kan àpótí rárá, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà tí a kó ẹ̀rọ ló máa ń fara hàn, torí pé ọjọ́ yẹn la pààrọ̀ páwà páàkì.

Atẹ́gùn ni mo kà sí ohun tí a kì í kà sí jù lọ. Irin tó wà lórí prósẹ́sọ̀ sáfà, onípele wẹ́wẹ́, kì í ní fáànù tirẹ̀ lórí. Prósẹ́sọ̀ irú Xeon E5-2670, tí Intel gbé jáde ní ọdún 2012, lè mú ooru tó wáàtì 115 jáde. Nínú àpótí rẹ̀ àtijọ́, tí ó bá jẹ́ èyí tó tẹ́ jù, àwọn fáànù oní-mìlímítà 40 ló ń fẹ́ sí i, wọ́n sì lè yí ju ìgbà 10,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìbòrí ike kan wà tó kó gbogbo atẹ́gùn yẹn jọ gba àárín àwọn ìpele irin náà kọjá. Ẹ wo ewìrì alágbẹ̀dẹ: ẹnu tóóró tó wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ afẹ́fẹ́ lásán di èyí tó lè yọ́ irin. Ẹ gé ẹnu yẹn kúrò, kí ọmọ iṣẹ́ máa fẹ́ ẹ títí di alẹ́, iná ò ní ràn. Nínú àpótí onídùúró, fáànù oní-mìlímítà 120 tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan ló rọ́pò wọn, àyè sì gbòòrò yíká. Atẹ́gùn á gba ibi tó rọrùn fún un, yóò yà fún irin náà. Èèyàn á fọwọ́ kan àpótí, yóò tutù, yóò dákẹ́ rọ́rọ́, inú rẹ̀ á sì máa hó.

Àkókò tí àléébù fara hàn ni ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ tó kú kó tó tan, tàbí ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, irin tàbí iná ni ká wò. Èyí tó kú lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, tó tún tan dáadáa lẹ́yìn tó sinmi, ooru ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ dísìkì ni wọ́n ti fẹ̀sùn kan láìmọwọ́ mẹsẹ̀ nítorí èyí. Káàdì bíi LSI 9211-8i, tí a ń so dísìkì mọ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé ó ń fẹ́ kí atẹ́gùn máa gba orí rẹ̀ kọjá ní ẹsẹ̀ bàtà 200 ní ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Nínú sáfà, ó ń rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àpótí onídùúró, ìsàlẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò dé ló máa ń wà. Lẹ́yìn wákàtí kan, dísìkì á máa pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, olówó á máa ra òmíràn, tuntun náà á sì pòórá. Fáànù kékeré kan tí a dè kọjú sí káàdì yẹn ì bá ti parí ẹjọ́ náà. Ní ti prósẹ́sọ̀, ẹni tó fẹ́ ra irin mìíràn tó ní fáànù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ihò prósẹ́sọ̀ tí wọ́n ń pè ní LGA 2011 ní oríṣi méjì, èyí tí síkúrù rẹ̀ jìnnà síra ní mìlímítà 80 sí 80 àti tóóró tó jẹ́ 56 sí 94. Ọ̀kan kò ní wọ èkejì. Bí owó kò bá sí, páálí tó le, tí a gé dáadáa tí a sì fi ṣe ọ̀nà láti ẹnu fáànù dé ara irin náà, ń ṣiṣẹ́ gan-an. Kò lẹ́wà, àmọ́ ewìrì alágbẹ̀dẹ náà kò lẹ́wà.

Ibi tí BMC ti tún ń da èèyàn láàmú ni pé ó ń ka bí fáànù ṣe ń yí. Láti ọdún 1998 tí Intel, Dell, HP àti NEC ti gbé ìlànà IPMI jáde ni irú ìṣọ́ yìí ti di ohun tó wọ́pọ̀ nínú sáfà. Ó ní iye kan tí fáànù kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kọjá. Fáànù ńlá tó rọra ń yí á wálẹ̀ kọjá iye yẹn, BMC á gbà pé fáànù ti kú, á pàṣẹ kí gbogbo fáànù sáré dé góńgó. Wọ́n á sáré, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á dín wọn kù, wọn á tún wálẹ̀ kọjá ààlà. Ló bá di pé ẹ̀rọ ń hu tó sì ń dákẹ́, tó ń hu tó sì ń dákẹ́, láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Àwọn sáfà mìíràn, tí ẹnu fáànù wọn yàtọ̀ sí ti ọjà, kò ní tan rárá tàbí wọn á pa ara wọn bí wọn kò bá rí fáànù tí wọ́n mọ̀. Àwọn èèyàn á ní ẹ̀rọ ya wèrè. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ̀rọ yẹn ń sọ fún wa pé nǹkan tó yẹ kó wà níbí kò sí. Àwọn kan á sọ pé kí ni ká máa fi àkókò ṣòfò fún, ṣebí ètò ipmitool lè yí ààlà náà wálẹ̀. Ó lè ṣe é, ó sì yẹ ká lò ó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti fún prósẹ́sọ̀ ní iṣẹ́ líle fún wákàtí kan tí a sì ka ooru rẹ̀ ni. Ẹni tó pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́ kó tó wo ohun tó ń kìlọ̀ fún un ti ju ẹ̀rí nù.

Ní ti háàdì dísìkì, n ó sọ ohun mẹ́ta péré. Dísìkì SAS, irú ti sáfà, kò lè ṣiṣẹ́ lórí ihò SATA lásán, irú ti kọ̀ǹpútà ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé SATA ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì SAS. Àwọn dísìkì ńlá kan wà tí kò ní yí rárá tí fọ́ltì 3.3 bá dé abẹ́rẹ́ kẹta wọn. Ọ̀pọ̀ pátákó tí dísìkì ń wọ̀ mọ́ nínú àpótí sáfà kì í fi iná yẹn ránṣẹ́, wáyà páwà páàkì ọjà sì sábà máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀kẹta ló léwu jù: bí káàdì RAID, èyí tó ń so àwọn dísìkì pọ̀, bá jí nínú àpótí tuntun tó sì sọ pé òun rí ètò àjèjì lórí àwọn dísìkì, kí a sọ fún un pé kó gbà á wọlé bó ṣe wà. Ẹni tó bá yan pé kó ṣẹ̀dá ètò tuntun ti ń pa dátà rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù ṣeé rà padà.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ohun àlòkù ni. Báwo la ṣe mọ̀ pé kò ti bàjẹ́ kó tó wọ orílẹ̀-èdè? Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ìròyìn tí àjọ Basel Action Network gbé jáde ní ọdún 2005 lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ Èkó sọ pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ gbà pé ó lè tó ìdá 75 nínú 100 ohun tó ń dé tí kò ṣeé tà tí kò sì ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé, mọ́nítọ̀ àti oríṣiríṣi ẹrù tí wọ́n dà pọ̀ sínú kọnténà ni ìyẹn. Sáfà yàtọ̀: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń pààrọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan torí pé àdéhùn ìtọ́jú parí, kì í sábà jẹ́ pé wọ́n kú. Ohun tó sì dára jù ni pé sáfà ní ẹ̀rí tirẹ̀. BMC ń kọ àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀: àṣìṣe RAM, fáànù tó dúró, ooru tó pọ̀ jù, iná tó já. Ẹ ka àkọsílẹ̀ yẹn kí ẹ tó tú ẹ̀rọ, ẹ tún un kà lẹ́yìn tí ẹ tò ó. Tí àṣìṣe RAM bá ti wà níbẹ̀ láti àtijọ́, àlòkù ló jẹ̀bi lóòótọ́. Tí kò bá sí kí a tó kó o, tó wá pọ̀ bí eṣú lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ wa la gbọ́dọ̀ wò: bóyá abẹ́rẹ́ inú ihò prósẹ́sọ̀ tẹ̀, torí lórí LGA inú mọ́dábọ́ọ̀dù ni abẹ́rẹ́ wà, bóyá RAM kan kò wọlé tán, bóyá a fi RAM sí apá prósẹ́sọ̀ kejì nígbà tí prósẹ́sọ̀ kejì kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo aago rẹ̀ o, nítorí bátìrì CR2032 tó ti gbẹ lè mú kí ọjọ́ inú àkọsílẹ̀ jẹ́ irọ́, ó sì lè pa ètò BIOS rẹ́ tí ẹ̀rọ fi máa wá dísìkì níbi tí kò sí.

Nínú ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe, ọyẹ́ yẹ kó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, iná máa ń kó jọ sára èèyàn láti ara kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ọ̀rá. Ara wa kì í mọ̀ ọ́n lára títí tó fi tó nǹkan bíi fọ́ltì 3,000. Ohun inú mọ́dábọ́ọ̀dù lè bàjẹ́ kó tó dé ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Fífọwọ́ kan irin páwà páàkì tí wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọlẹ̀ ń gbé iná yẹn lọ. Ní ilé tí kò ní ẹ́ẹ̀tì, àpótí fúnra rẹ̀ lè ní nǹkan bí ìdajì fọ́ltì iná ilé lára, èyí tó máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ yẹn. Ẹ máa ki wáyà mọ́nítọ̀ àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀ kí ẹ tó ki ti iná bọ ògiri.

Àwọn ọlọ́jà á sọ pé gbogbo ìwádìí yìí gùn jù, pé mọ́dábọ́ọ̀dù àlòkù mìíràn kò wọ́n, ká rà á ká fi í sí i ká máa lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tí òpó idẹ kan bá wà níbi tí kò yẹ, mọ́dábọ́ọ̀dù kejì yóò jókòó lórí òpó kan náà. Tí atẹ́gùn kò bá dé orí prósẹ́sọ̀, prósẹ́sọ̀ kejì yóò gbóná bíi ti àkọ́kọ́. Ohun tí a pààrọ̀ ni ohun tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ohun tí a fi sílẹ̀ ni ohun tó yí padà. Ẹni tó rí i pé mọ́dábọ́ọ̀dù méjì kú sínú àpótí kan náà á wá sọ pé ọjà Ìkẹjà ni ò dára, orúkọ oníṣòwò kan á sì bàjẹ́ lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Mo gbà pé àwọn sáfà kan wà tí kò yẹ ká tú rárá. R720 àti DL380 wà lára wọn. Ó sàn ká wá yàrá kékeré tí a lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tàbí ká ra èyí tí wọ́n ṣe ní onídùúró láti ìbẹ̀rẹ̀, ju ká máa jó wáyà pọ̀ lọ. Fún èyí tó ṣeé kó, kí ẹ má tíì ta àpótí àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin. Ìbòrí ike tó ń darí atẹ́gùn ṣì wà nínú rẹ̀, ó ṣeé gé kó sì wúlò. Pátákó bọ́tìnnì iwájú ṣì wà níbẹ̀. Lábẹ́ ìdérí òkè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lẹ àwòrán gbogbo mọ́dábọ́ọ̀dù náà mọ́ ibẹ̀: ihò RAM wo ló ṣáájú, abẹ́rẹ́ wo ni ti bọ́tìnnì, fáànù wo ni nọ́ńbà 1. Ẹ fi fóònù ya àwòrán yẹn kí ẹ tó yọ síkúrù àkọ́kọ́.